Ogójì Dín Kan

Ní Covilhã, níbi tí òkè ti ń fi yìnyín bora,
ilé ìhunṣọ ti kú, odò tó ń yí wọn kò kú.
Zulmira Frazão tú ẹ̀ńjìnnì kékeré kan
lára ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ gbé jù sí ààtàn.
Ẹ̀ńjìnnì náà kò mọ eré, kò mọ ìjáfara:
iná ìlú ló ń ka ìṣísẹ̀ fún un,
igba yíyí ó lé àádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan,
òjò ì báà rọ̀, ọ̀dá ì báà dá.

Ṣùgbọ́n rẹ́kọ́ọ̀dù kì í sáré bẹ́ẹ̀.
Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fẹ́, àti ìdá kan nínú mẹ́ta;
ìdá kékeré yẹn, bí ọmọ ẹ̀yìn,
kò fẹsẹ̀ rìn, síbẹ̀ ó ń wúwo lẹ́yìn ìyá.

Ìtẹ́ tí àwo yóò jókòó lé, pákó ni,
ọ̀ọ́dúnrún mìlímítà láti etí dé etí.
Belarmino, tó ń gbẹ́ irin nínú gáréèjì,
fi pẹ́ńsùlù ṣírò sẹ́yìn páálí sìgá:
ẹ̀ẹ̀méje àtààbọ̀ ni kékeré yóò pòòyì
kí àgbà tó yí lẹ́ẹ̀kan.
Pín ọ̀ọ́dúnrún sọ́nà méje àtààbọ̀.
Ogójì. Ogójì gbáko!
Ó bó idẹ bí ẹni bó ọsàn,
èèpo rẹ̀ ń ká kọ́lọkọ̀lọ bọ́ sílẹ̀,
púlì jáde, ó ń kọ mọ̀nà.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Wọ́n fi bẹ́líìtì rọ́bà kọ́ ọ lọ́rùn.
Wọ́n gbé àwo ẹgbẹ́ akọrin ilé-iṣẹ́ lé e,
èyí tí Odete, àbúrò Zulmira, ti ń lé orin
ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀.
Abẹ́rẹ́ balẹ̀.
Zulmira gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀ láìmu.
"Èyí kọ́."
"Kí ni kì í ṣe?"
"Odete kọ́. Ọmọdé kan ni, tó ń sá fún òjò."

Belarmino bínú. Ó wọn púlì lẹ́ẹ̀mẹta:
ogójì, ogójì, ogójì.
Irin kì í purọ́ fún mi, ó wí.
Zulmira kò bá a jà. Ó lẹ bébà pupa mọ́ etí ìtẹ́,
ó bọ́ aago ọwọ́ lé orúnkún,
ó ń kà lábẹ́ ahọ́n, bó ti máa ń ka òwú
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó pé.
Ó pé ọgọ́rùn-ún, ó tún fi méjì ṣe èènì.
Ta ló bẹ̀ ẹ́ lóènì?

Ó fi ìka méjì fún bẹ́líìtì náà:
"Belarmino, èyí ní ara.
Nígbà tí awọ ń gbé agbára kiri òrùlé wa,
a kì í wọn àgbá ká má wọn awọ.
Mìlímítà kan ni nínípọn rẹ̀.
Lára ọ̀ọ́dúnrún, kò jẹ́ nǹkan kan;
lára ogójì, ẹrù ni.
O ka ẹ̀ńjìnnì, o ka ìtẹ́,
o ò ka ẹni tó ń jíṣẹ́ láàrin wọn."

Kò fèsì. Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀.
Ó fá idẹ díẹ̀, ó tún fá a díẹ̀,
èérún rẹ̀ ń dà sórí bàtà,
títí kálípà fi wí mọ́kàndínlógójì
àti ìdá kan nínú mẹ́jọ.

(Èmi tí mò ń kọ èyí, ẹ̀rín pa mí níbẹ̀:
èdè ìyá mi ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.
Ká tó pe iye yẹn, a ó kọ́kọ́ dé ogójì,
ká wá fi ìtìjú yọ ẹyọ kan padà.)

Abẹ́rẹ́ tún balẹ̀. Ohùn náà sọ̀kalẹ̀ díẹ̀,
bí ẹni tó rí àga tó sì jókòó.
Odete húkọ́ kí ẹsẹ kejì tó bẹ̀rẹ̀.
Wọn kò gbọ́ ikọ́ yẹn níṣàájú.
Belarmino wo ìta, yìnyín ń já.
Zulmira mu kọfí tútù náà tán,
ojú rẹ̀ kò kúrò lára bébà pupa:
méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún,
ọgọ́rùn-ún.
Kò sí èènì.