Irin Oníhò Mẹ́ta

Ebè kẹrìndínlógún ni ọkọ́ mi ti dún kàn.
Mo ṣebí òkúta ni,
tó máa ń ká ọkọ́ lẹ́nu l'Ọ́wù-Ìsin.
Mo fọwọ́ wa ilẹ̀: irin ni,
ó jinnú bí àwo ọbẹ̀, etí rẹ̀ ti dógùn-ún,
ihò mẹ́ta láàárín.

Láwoyin mẹkáníìkì ní búréèkì lọ́rì ni.
Ọmọ mi ní ìdérí ìkòkò ni.
Ìyá Fádèyí kò sọ̀rọ̀.
Ó tutọ́ sí i,
ó fi ìṣẹ́tí ìró nù ún.

"Katakata ìjọba," ló wí.
"Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé ni àpáta fọ́ ọ lẹ́nu.
Baba yín rẹ́rìn-ín títí,
ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká."

Mo wo ọkọ́ tèmi.
Ẹnu rẹ̀ ti ká.