Ilẹ̀kùn Ilé Ewúrẹ́

Má tíì bi mí ní iye tó kù, Tíṣà.
Jókòó sórí àpótí yẹn, gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lórí rẹ̀.
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti igi.

Mo dé ọ̀dọ̀ Sùnmọ́nù, nílé ìlagi tó wà lọ́nà Mọ̀pà.
Ó tẹ́ pákó sílẹ̀ fún mi bí ẹni tẹ́ aṣọ:
ọ̀gànwó tó pupa bí ẹyìn tó pọ́n,
arère tó funfun bí eyín ọmọ ọwọ́,
afárá onílà tó ń kọ mànà nínú oòrùn.
Ó ní, "Wò ó! Wò ó dáadáa!"
Mo ní, Sùnmọ́nù, ojú kọ́ ni mo gbé wá.

Mo fi ìka méjì di pákó mú létí,
bí ẹni di etí ọmọ mú tí kò fẹ́ kó sunkún,
mo fi ìka kejì kàn án láyà.
Èyí tó rẹwà jù nínú wọn ní, "pọ̀."
Bí ìgbà tí iṣu já bọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀.
Mo tún kàn án, bóyá oorun ló ń kùn ún.
"Pọ̀."
Igi tútù. Omi òjò èṣí ṣì wà nínú rẹ̀,
ẹni tó fi omi sẹ́nu kò lè dáhùn.

Mo mú ọ̀gànwó kan níbẹ̀ ṣá, fún ẹ̀yìn àti ìhà.
Ìlà inú rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan,
ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, bíi ti ọkùnrin tó ń gbàdúrà lábẹ́ aṣọ ìbora.
Ṣùgbọ́n ojú gìtá, ibi tó ń mì,
oṣù mẹ́ta, mi ò rí i.
Ìgbà náà lo ránṣẹ́ sí mi
pé ṣé owó rẹ ni mo fi ṣọdún.

Ọyẹ́ ló bá mi wá a.
Mo ń gba ẹ̀yìnkùlé Ìyá Bọ́látitó kọjá láàárọ̀,
nísàlẹ̀ àpáta, nínú Ìsánlú níbí,
òbúkọ rẹ̀ fi ìwo gbá ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́.
Ilẹ̀kùn náà dún.
Kì í ṣe ariwo o. Ó dún,
ó sì ń dún lọ nígbà tí òbúkọ ti gbójú síbòmíràn.
Mo fi ẹsẹ̀ kan dúró bí àkùkọ nínú òtútù.

Ọ̀mọ̀ ni. Ọdún méjìdínlógójì nínú oòrùn,
nínú èéfín ààrò tó wà nítòsí,
ìtọ̀ ewúrẹ́ nísàlẹ̀
(mo ti gé ibẹ̀ sọnù, fọkàn balẹ̀).
Mo fi ìka kàn án.
A ò tíì na okùn kankan sí i lára,
igi ti ń kí mi: okun o.

Ìyá ní òun kì í tà á.
Ọkọ òun ló fi àáké là á
kó tó lọ wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì.
"Ó ní kí n máa ti ewúrẹ́ mọ́lé, òun ń bọ̀.
Mo ṣì ń tì wọ́n mọ́lé."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Mo kan ilẹ̀kùn tuntun, mo gbé e rù lọ.
Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ó ní, "Máa gbé e.
Ṣùgbọ́n èmi ni kí o kọ́kọ́ gbé e wá hàn."

Nítorí náà, ihò tí ò ń wò yẹn,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu gìtá, kì í ṣe kòkòrò.
Ibi tí ìṣó ọkọ rẹ̀ wà ni.
Mo lè dí i.
Mi ò dí i.

Àná ni mo gbé e lọ. Kò ní kí n ta á.
Ó gbé e lé itan,
ó fi ìkúùkù kan ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
bí àlejò tó dé lóru, tí kò fẹ́ jí àdúgbò.
Ó dúró.
Gìtá ń dún lọ, ó ń dún lọ, ó dákẹ́.
Ìyá ṣì dúró.

Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ilẹ̀kùn tuntun yẹn lágbára,
torí òbúkọ òun kì í gbọ́ràn.

Ó yá, Tíṣà.
Iye tó kù ńkọ́?