Lẹ́tà Kan

Mẹ́sàn-án ni wá nínú yàrá tí a yá lọ́wọ́ ìjọ
ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́.
Fáànù kan ló wà níbẹ̀,
ó ń mi orí bí àgbà tí kò fara mọ́ ọ̀rọ̀.
Wíìgì wa ṣì funfun.
Gbèsè aṣọ dúdú tèmi ṣì wà lọ́rùn bàbá mi
tó ń bi mí lálaalẹ́ pé: "Èló ni wọ́n ń san níbẹ̀?"
"Kọ́bọ̀ kan kò sí, Bàbá."
"Ẹjọ́ ọ̀fẹ́ kì í ra gààrí."
Òótọ́ ni. N kò jiyàn.

Ìyá Fálọdún kò tètè ṣí ìwé òfin.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ kan sójú pátákó:
Kọ́mlá Agbeko.
"Ẹ pè é." A pè é. Ó ní ká tún un pè.
"Ọ̀gá tó mú un kọ Kọ́lá sínú fáìlì.
Kọ́lá kan kò sí látìmọ́lé. Kọ́mlá ló wà níbẹ̀.
Ẹni tí ẹ bá ṣi orúkọ rẹ̀ kọ,
béèlì ẹlòmíràn lẹ ó lọ gbà."

Lẹ́yìn èyí ló tó kan òfin:
pé ará Tógò, ará Nìjẹ̀, lè wọlé wá
kó lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà;
pé ọ̀gá oko kò láṣẹ
láti ti ìwé ìrìnnà òṣìṣẹ́ mọ́ inú dúrọ́ọ̀;
pé kí á má ṣe jókòó ti ẹni tó ń sunkún
ká máa yọ́ aago wò.
Adékànmbí nawọ́: "Mà, tó bá wá jẹ̀bi ńkọ́?"
"Ẹni tó jẹ̀bi náà ní orúkọ."

Lọ́jọ́ kẹta iná lọ. Òjò ń lu páànù
débi pé a kò gbọ́ra wa mọ́.
Nígbà tó dá díẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í, ó kàn ní:
"Mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta ní ìlú Oǹdó
lọ́dún tí wọ́n ní kí àwọn ará Gánà máa lọ.
Misita Ampọ́nsà ń ṣe ìṣirò lójú pátákó,
ó dé ìdajì, wọ́n pè é síta.
Ó ki ṣọ́ọ̀kì bọ àpò
bí ẹni tó máa padà dé kí aago tó lù.
Ogójì ọmọ ni wá. Kò sẹ́ni tó dìde.
Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́, torí ìdánwò ti fò wá ru.
Ẹni tó pàtẹ́wọ́ nì, èmi ni."

Ó nu ojú dígí rẹ̀.
"Ẹ ṣí ojú ewé kẹtàdínlógún."

Ọjọ́ Ajé, wọ́n rán mi lọ sí Alágbàká,
sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n.
Yorùbá tí Kọ́mlá gbọ́ kò ju mẹ́ta lọ:
àdá. Kòkó. Ọ̀la.
Ọdún méjì gbáko, ọ̀gá rẹ̀ ní Ọ̀wẹnà
ń fi ọ̀la sanwó fún un.
Mo fi ìka ṣírò: àádọ́rùn-ún ọjọ́ mi
ti tán kó tó ká kòkó àkọ́kọ́.
Gbogbo ohun tí mo há sórí fò lọ.
Ó ku orúkọ.
Mo pè é, ti bàbá ti ọmọ.
Ó gbójú sókè
bí ẹni tí wọ́n pè láti ìsàlẹ̀ oko.

Mo yíjú sí ọ̀gá tó jókòó ti fáìlì:
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, lẹ́tà kan ló sọnù níbẹ̀."
Ó wò mí, ó wo wíìgì tí mo dì sínú ọ̀rá,
ó pa fáìlì dé.
"Lọ́ọ̀yà, ẹ padà wá lọ́la."

Kọ́mlá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.
Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe wálẹ̀.

Mo fa àga mi sún mọ́ tábìlì.
N kò dìde.