Òjìji Lára Ògiri

Kíkọ orúkọ sára pátákó ni mo fi ń jẹun:
"A Ń Ta Sìmẹ́ńtì Níbí", "Kòkó Lórí Iná, Ẹ Wọlé",
àti orúkọ òkú lórí ibojì,
ọjọ́ ìbí lápá òsì, ọjọ́ ikú lápá ọ̀tún,
ìlà kékeré kan láàárín wọn.
Ìlà yẹn ni mo máa ń fà kíákíá jù.
N kì í gba owó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, ọdún tí iṣu wọ́n,
ìyá mi jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé wa l'Ógìdì,
ó ń ran òwú.
Oòrùn ti ń wá ibi tí yóò fẹ̀yìn tì lórí òkè,
òjìji ìyá mi sì mú ṣáṣá
lára ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn.
Mo ní, "Màmá, ẹ má mira, mo fẹ́ yà yín."
Ó ní, "Èmi, tàbí dúdú tó wà lẹ́yìn mi un?"
Mo ní dúdú náà ni.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn sàn. Ojú tiẹ̀ ò hunjọ."

Mo lọ èédú, mo pò ó mọ́ ọ̀dà tó kù nísàlẹ̀ agolo,
mo bẹ̀rẹ̀ láti gèlè.
Kí n tó dé èjìká, gèlè ti kúrò níbi tí mo fà á sí.
Mo tún gèlè fà, èjìká ti sún.
Ìyá mi ò mira o,
òwú nìkan ló ń yí lọ́wọ́ rẹ̀.
Inú bí mi, mo sọ búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀.
Ó ní, "Orímisàn, ta lò ń lé?
Fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o fi í sílẹ̀.
Èyí tó bá lọ, ó lọ."

Mo fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Nígbà tí àgbàdo ọdún kejì ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, ó kú.
Èmi náà ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.
Mo dé ibi ìlà kékeré,
mo fà á, mo nù ún, mo tún un fà.
Ó gùn jù. Ó kúrú jù.
Bọ́lájókòó àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìlà lásán mà ni."
Mi ò dá a lóhùn.

Òjò rọ̀ sára ògiri yẹn, ọmọńlé sùn síbi gèlè.
Nígbà tó di oṣù kọkànlá, mo ń gbálẹ̀,
mo gbé àpótí rẹ̀ síta,
ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sínú ihò
tó ti gbẹ́ fúnra rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé mi.
Mo gbójú sókè.
Òjìji àpótí ń gun ògiri bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
ẹsẹ̀ wọ inú ẹsẹ̀, etí kan etí,
bí ẹni ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà àtijọ́.
Àpótí kún àpótí.
Lókè rẹ̀, ìlà tí mo fà dúró gbọnin,
kò sí ẹni tó wá wọ̀ ọ́:
oòrùn ló kún inú ìyá mi, láti orúnkún dé orí.
Kò tó àkókò tí a fi ń bó ọsàn kan.
Ó sún, ó lọ.

Tíṣà kan sọ fún mi ní Kàbà pé oòrùn ń lọ, ó ń bọ̀,
ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń gba ojú kan náà kọjá,
pé kí n máa retí rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì,
bí ọyẹ́ bá ń palẹ̀ mọ́.
Mo retí rẹ̀. Ó dé.

Bọ́lájókòó ra ọ̀dà tuntun fún ilé, àwọ̀ ewé.
Ògiri mẹ́ta ni mo kùn.

Lọ́dún yìí mo jókòó sórí àpótí náà fúnra mi.
Orí mi fi ìka mẹ́ta yọ lókè ìlà.
Jẹ́mímà ọmọ mi ti mú èédú nídìí ààrò,
ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń mí gùlegùle.
"Bàbá, ẹ má mira."

Imú ń yún mi.
Mo mira.