Ẹ̀ka Tí Kò Lórúkọ

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà n'Ílọrin,
láti Òkèlélé dé Pákátà, láti Kúléńdé dé Ọjà Gbòrò,
mo gun kẹ̀kẹ́ títí irin ìjókòó fi mọ̀ mí lára.
Kò sí àpòòwé tí mo gbé tí kò lórúkọ lójú.
Èyí tí ò bá lórúkọ, a máa ń dá a padà ni.
Bí ò bá tún níbi ìpadàsí, a ó sun ún.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìntì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè
tí mo rí igi kan lẹ́yìn ilé alámọ̀ tó wó ní Àgbájí,
èso wẹẹrẹ dì mọ́ ọn lára bí ilẹ̀kẹ̀ tọ́mọdé já.
Mo bi Jìmọ́ kafíńtà. Ó ní ọ̀dán ni.
Mo bi Ìyá Àwàwù. Ó ní, "Ọ̀dán wo?
Ọ̀pọ̀tọ́ ni, a jẹ ẹ́ lọ́mọdé títí inú fi run wá."
Ńdàgí, ará Tápà tó ń ta ẹja gbígbẹ, fọwọ́ pa ewé ẹ̀,
ó ní àwọn lórúkọ fún un lọ́hùn-ún, ní Pátígi.
Ó rò ó, ó rò ó, ó kàn rẹ́rìn-ín:
orúkọ náà ti bá ìyá òun wọlẹ̀.

Mo gé ẹ̀ka kan, ìgbọ̀nwọ́ kan gígùn.
Oje kán sí mi lọ́wọ́, ó funfun bí omi wàrà,
ó lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáàǹpù.
Mo gbé e sábẹ́ òjìji di ọjọ́ kejì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ,
mo kì í bọlẹ̀, ìdí nísàlẹ̀, orí lókè.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti dorí ọ̀kan kodò rí,
ó kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ lókè bí àdán.

Àwọn amọ̀kòkò Dáda fún mi ní ìkòkò tó sán nínú iná,
èyí tí alágbo ò ní rà, tómi ò ní dúró nínú ẹ̀.
Ṣé ohun tó ń jò náà ni gbòǹgbò ń wá.
Ìkòkò kan, ẹ̀ka kan. A ò náajà.

Òjò kìíní rọ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ jáde.
"Bàbá Lẹ́tà! Ta ló kọ̀wé sí wa?"
Mo ní kò sẹ́ni tó kọ̀wé, ẹ ṣá gba tiyín.
"Kí lorúkọ ẹ̀?"
Mo ní inú yín lorúkọ ẹ̀ ń gbé.

Ní Ìta Kúdímọ̀, mo dúró lójú ọ̀nà Sẹ̀límọ́tà.
Èmi ni mo gbé wáyà ọjọ́ yẹn fún un láti Kàdúná,
èmi náà ni mo kà á, nítorí kò mọ̀wé.
Látìgbà náà, bó bá ti gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ mi, á ti fèrèsé.
Mo gbé ìkòkò náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo yí padà.
N ò tẹ aago.

Lọ́dún kẹta, àìsàn dá mi dùbúlẹ̀.
Ewúrẹ́ wọ àgbàlá mi, ó jẹ tèmi tán pátá.
Wọ́n ti bẹ́ ìyá ẹ̀ ní Àgbájí, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.
Ti Jìmọ́ ńkọ́? Abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ló gbìn ín sí, ó rà.
Ohun tí mo fi tọrẹ ni mo wá lọ tọrọ.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ.
Igi náà ti ga ju ògiri, ó ti so,
ọmọ mẹ́ta ń ṣa á jẹ, wọ́n ń fẹ́ eèrà kúrò lára ẹ̀.
Kí n tó kanlẹ̀kùn, Sẹ̀límọ́tà ti ṣí i.
Ó mú ọ̀bẹ. Ó fọwọ́ kan igi náà, ó pè é lórúkọ.

Mo mọ orúkọ yẹn.
Mo ti kà á sókè rí, lójú ọ̀nà yìí kan náà.
N kì í sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà olówó lẹ́tà,
n ò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ó gé ẹ̀ka, ó fi ewé nu oje, ó nà án sí mi.
"Rọra gbé e," ó ní. "Má dorí ẹ̀ kodò."