Ìrù Kì í Ṣe Ẹja Ìkẹyìn

Tísà Ọ̀náfowókàn bi mí: "Èwo nìrù àtòkọ yìí?"
Mo na ọwọ́ sí nọ́ńbà tó kẹ́yìn.
Ó fa ìlà pupa gọdọgbà.

Lálẹ́, létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
Bàbá ń yọ ẹja kúrò lórí okùn.
Obòkún ló ṣíwájú.
Mo ní lọ́kàn mi: orí rèé.
Gbogbo ìyókù tó rọ̀ dirodiro,
ìrù nìyẹn,
ìrù tó tún ní orí tirẹ̀,
àrọ̀ kan tó ṣì ń mí.

Bàbá ń yọ, okùn ń fúyẹ́.
Ó ku epìyà kan ṣoṣo.
Ó yọ òun náà.

"Kí ló wá kù, Bàbá?"
Ó ju okùn lásán sí mi lẹ́sẹ̀,
omi ń kán lára rẹ̀.
"Okùn ni. Má sọ ọ́ nù."