Ìdá Mọ́kànlélógójì

Aago mọ́kànlá alẹ́ ní Winnipeg.
Yìnyín ń ha fèrèsé bí ológbò tó fẹ́ wọlé,
tíì mi ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àròkọ tí mi ò tíì kà.
Ẹ̀rọ ti ka tirẹ̀ tán.
Ó kun iṣẹ́ Rhodora Magsino ní pupa,
ó lu nọ́ńbà mọ́ ọn níwájú orí bí òǹtẹ̀:
mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo ti ń kọ lẹ́tà sí díìnì.
Mo ti kọ "Ó dùn mí láti"
kí n tó rántí Okimaw.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ Cree láti òkè àríwá,
tó máa ń jókòó síbi tí ilé ti ń gbóná,
tó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan.
Ẹ̀rọ pe méjìdínláàádọ́rùn-ún. Mo pe olè.
Mi ò bi í léèrè.
Ìgbà tó ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé tẹrùtẹrù
ni akọ̀wé kan wá fi hàn mí:
àròkọ tó jọ tirẹ̀ yẹn, tirẹ̀ ni,
èyí tó kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá
tí èmi fúnra mi ní kó lọ tún kọ.
Mo fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ pé ó wọ ẹ̀wù ara rẹ̀.
Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ mi lọ, ó bọ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì lẹ̀.

Bàbá mi jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá.
Òwe kan ṣoṣo ló ń pa:
agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.
Kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀
tí ẹnìkan ọ̀hún kò ní lẹ́nu.

Mo pa lẹ́tà rẹ́. Mo ń tọ pupa náà bí ẹni tọ ipa ẹran:
pupa lórí orúkọ ìwé tó tọ́ka sí,
pupa lórí ìbéèrè tí èmi ni mo kọ,
pupa lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ló fẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa pè é?

Mo ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ojú ewé kẹfà.
Ìlà mẹ́jọ tó mọ́ jù,
tó ń rìn bí ẹni wọ bàtà oníbàtà.
Ẹ̀rọ ò fọwọ́ kàn án; funfun báláú.
Àmọ́ mo mọ Rhodora, tí ń fi kọ́mà
síbi tí èémí rẹ̀ bá ti tán.

Ajá ni ẹ̀rọ yìí. Ó lè gbó onílé,
kó ju ìrù sí olè.
Bó bá gbó, tan iná wo ìta.
Má yìnbọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ti ṣófo.
Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó,
bàtà rẹ̀ ń kán omi yìnyín sílẹ̀.
Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí ògiri
kí àwa méjì lè jẹ́ méjì.
"Ka ìpínrọ̀ yìí fún mi. Kí ló túmọ̀ sí?"
Ó kà á dé ìlà kẹta, ó dákẹ́.
"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Oorun ló ń kùn mí."

Mi ò sọ pé kò ṣe nǹkan kan.
Mo gé máàkì lójú rẹ̀, mo sọ ìdí.
Mo wá fún un ní bébà, mo fi àga hàn án,
èyí tó wà níbi tí ilé ti ń gbóná.
Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.
Ìlà mẹ́rin péré,
kọ́mà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.